Owó Àjọ Oṣù Kìn-ín-ní ní Ọ̀yìngbò: Ta Ló Ni Owó Kéékèèké?

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí kò dé kóòtù, kò sì dé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Iwájú Ìyálọ́jà ló parí sí, ìyẹn bí a bá lè sọ pé ó parí. Àjọ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ló dá a sílẹ̀, ní apá kan ọjà Ọ̀yìngbò, láàárín alájọ kan àti àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo máa ń tẹ káàdì àjọ náà ní ṣọ́ọ̀bù mi, torí fọ́tókópì àti ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di ìṣirò, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kí n gbé kakúlétọ̀ wá. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Alájọ ni n ó máa pe alájọ, ẹlẹ́ja ni n ó máa pe ẹlẹ́ja, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn lọ́jà náà nìyẹn.

Fún ẹni tí kò bá dá àjọ rí, àjọ ojoojúmọ́ kì í ṣe èésú. Nínú èésú, gbogbo ẹgbẹ́ á dá owó jọ, ẹnì kan á kó o lónìí, ó di ọjọ́ mìíràn kí ẹlòmíràn tó kó tirẹ̀. Ti àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀. Iye tí agbára rẹ bá ká ni wàá máa san lójúmọ́, alájọ á fi bírò sàmì sí káàdì rẹ, tí oṣù bá parí wàá kó owó rẹ, alájọ á sì yọ owó ọjọ́ kan fún wàhálà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń dá ẹgbẹ̀rún kan lójúmọ́ nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31 á kó ₦30,000, ẹgbẹ̀rún kan tó kù á di ti alájọ. Kò sí èlé kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá kàwé á ní ìwà òmùgọ̀ ni kéèyàn máa sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú owó. Ẹni tó bá jókòó ti àtẹ ata láti àárọ̀ mọ̀ pé owó tó bá bá òun délé kì í bá òun padà sọ́jà. Ọmọ á béèrè, onílé á béèrè, àbúrò tó wà ní Ìbàdàn á pe fóònù. Alájọ ló ń sáré gbà á kí àwọn yẹn tó dé.

Wọ́n máa ń sọ pé Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Òótọ́ ni fún ọjà. Alájọ mọ̀ ní tirẹ̀, torí pé tí o kò bá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú àpótí ọjọ́ náà lórí káàdì á ṣófo, tó bá sì di Ọjọ́rú á dúró níwájú àtẹ rẹ, á bi ọ́ pé ṣé kò sí o.

Alájọ tiwa kò tíì pé ogójì ọdún. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti gba iṣẹ́ náà. Àwọn ìyá àgbà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ kò pé tó ti alájọ Ṣómólú tí wọ́n ní ó gba àjọ ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. (Ẹ má rò pé àlọ́ ni o. Taiwo Olunaike ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ó gbé ayé, ó sì gba àjọ ní Ṣómólú.) Tiwa kò fi orí mọ nǹkan kan, ìwé ló ń kọ: ọjọ́, orúkọ, iye. Ohun kan ṣoṣo tí kò kọ rí ni irú owó tí èèyàn mú wá, bóyá ẹyọ ẹgbẹ̀rún kan ni tàbí àádọ́ta-àádọ́ta tí wọ́n dì ní rọ́bà. Kí ni ì bá fi kọ ọ́? Náírà ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, ìyẹn CBN, kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ó ní nínú ₦3.23 tírílíọ̀nù tó wà nígboro, ₦2.73 tírílíọ̀nù ni kò sí ní ọwọ́ àwọn báńkì. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà yẹn, àfi bíi pé àwọn èèyàn ti rì í mọ́lẹ̀. Bóyá àwọn olóṣèlú kan rì tiwọn mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ìbò ààrẹ kúkú ń bọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kejì. Àmọ́ àpò alájọ wa wà nínú ₦2.73 tírílíọ̀nù yẹn, n kò sì rí ọjọ́ kan tí owó inú rẹ̀ sá pamọ́. Ẹni tó bá ń wá ṣéńjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sáré lọ. Owó tí aláta san láàárọ̀ ni wọ́n á fi ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún kan fún onírẹsì lọ́sàn-án, kó tó di ìrọ̀lẹ́ onírẹsì ti fi san owó alábàárù. Báńkì kò rí i, ìyẹn kò sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ààrẹ Buhari ṣí aṣọ lójú owó tuntun náà ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ti àtijọ́ máa kú. Bàbá kan tó ń ta gààrí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkùnrin yìí kan náà ló pààrọ̀ owó lọ́dún 1984 nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba ológun, pé àwọn tò ní báńkì nígbà náà, àwọn á tún tò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí dá lé: ₦100, ₦50, ₦20, ₦10 àti ₦5 kò sí nínú ohun tí wọ́n pààrọ̀. Àwọn yẹn kò kú, wọn kò sì di tuntun. Títí di ìgbà yẹn, àwọn ni owó tí kò sẹ́ni tó kà sí.

Láàárín oṣù kìn-ín-ní, owó tuntun kò tó nǹkan ní báńkì, ti àtijọ́ sì ti ń di ohun tí olúkúlùkù fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun. Oníbàárà á na ẹgbẹ̀rún kan àtijọ́ sí ẹlẹ́ja, ẹlẹ́ja á na án sí alájọ. Kò sẹ́ni tó ṣe màgòmágó o, owó ni títí di ọjọ́ 31. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń wọ́ sí. Gbogbo ọ̀nà tí owó àtijọ́ ń gbà sá, ìdí àpò alájọ ló parí sí, torí alájọ kì í kọ owó.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29, Emefiele fi ọjọ́ mẹ́wàá kún un, ó di ọjọ́ 10 oṣù kejì. Nígbà tó di ọjọ́ 31, gbogbo ohun tí alájọ gbà lóṣù náà jẹ́ ₦1,705,000. Owó ẹsẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ₦55,000, ti àwọn olówó jẹ́ ₦1,650,000. Ibi tí owó náà wà ló di wàhálà. Àjọ ọjọ́ mọ́kànlélógún àkọ́kọ́, ₦1,155,000, ti wà ní àkáǹtì rẹ̀, torí ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń san án sí báńkì, á wá gbà á jáde tó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kóṣù parí. Lóṣù yìí báńkì ní kò sí owó. Ẹni tó bá tò láti ìdájí lè rí ìwọ̀nba gbà, ẹni tó bá pẹ́ dé á bá ilẹ̀kùn ní títì. Àjọ ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé: ₦415,000 jẹ́ owó àtijọ́, ₦135,000 tó kù sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta àti ogún náírà tí kò sí èyí tí ìjọba fọwọ́ kàn nínú rẹ̀.

Ìyẹn ni pé owó gbogbo wọn pé, kò sí kọ́bọ̀ tó sọnù. Síbẹ̀ nínú ₦1,650,000, ₦135,000 péré ni èèyàn lè gbé dání kó fi ra ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Oní-POS kan tó jókòó nítòsí ibùdókọ̀ gbọ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Àsìkò yẹn, àwọn oní-POS ń wá káàṣì kiri bí ẹni ń wá wúrà, nílé epo, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, wọ́n á rà á, wọ́n á wá tà á fún wa. Ẹni tó fẹ́ gba ₦10,000 lè san ₦2,000 lé e, níbòmíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà sọ fún alájọ pé tó bá lè gbé owó kéékèèké náà fún òun, òun máa fi ₦150,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Alájọ ní òun á rò ó. Ọmọ iṣẹ́ ẹlẹ́ja rí i níbi tó dúró sí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìròyìn ti gba ọjà pé alájọ ti ta káàṣì fún oní-POS, pé ó ti jẹ èrè lórí owó olówó.

Bí ìpàdé ṣe wáyé nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2 oṣù kejì, lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹ́ran ti palẹ̀ mọ́. Ìyálọ́jà jókòó, alájọ gbé báàgì rẹ̀ wá, ó da owó sórí tábìlì. Wọ́n ní kí a kà á. Ẹni tí kò bá tíì ka ₦135,000 ní àádọ́ta-àádọ́ta àti ogún-ogún rí kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Owó ẹja ń rùn, owó epo pupa lẹ̀ mọ́ra, òmíràn ti ya wọ́n fi tépù lẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó pé. Ó pé.

Alájọ ní, “Mo lọ síbẹ̀. Ó sọ, mo gbọ́, mo padà. Tí mo bá fẹ́ ta á ni, mi ò ní ní kó jẹ́ kí n rò ó.”

Ìyálọ́jà ní ẹ̀sùn yẹn ti kú. Wọ́n wá béèrè ohun tó ṣòro jù ú lọ: báwo la ṣe máa pín ohun tó wà lórí tábìlì?

Ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. ₦5,000 ló ń dá lójúmọ́, ₦150,000 ló yẹ kó kó, kò sẹ́ni tó dá tó o. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, torí àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀dájú lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní, “Owó kò ní ojú, kò ní imú. Tó bá ti wọ àpò alájọ, ó ti di ti gbogbo wa. Èmi kò sọ pé kí wọ́n fún mi ju tèmi lọ. Bí a ṣe dá a ni ká ṣe pín in. Ẹni tó dá púpọ̀, kó rí púpọ̀ nínú káàṣì, ẹni tó dá díẹ̀, kó rí díẹ̀. Tó kù, kí alájọ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì kálukú.” Ọ̀pọ̀ èèyàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ní kí èmi náà dájọ́ nígbà yẹn, ǹ bá gbà pẹ̀lú wọn, torí ó dún bí ìdọ́gba.

Wọ́n ní kí n ṣírò rẹ̀. ₦135,000 nínú ₦1,650,000 kò pé náírà mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹlẹ́ja á gba ohun tó lé ní ₦12,000 ní káàṣì. Aláta tó ń dá ẹgbẹ̀rún kan á gba nǹkan bí ₦2,450. Màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí wọ́n ń dá ₦200, tí wọ́n fẹ́ kó ₦6,000, á gba ₦490.

Mo ka ₦490 yẹn sókè. Màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́ dìde.

Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà, ìdájí ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e wá láti ọ̀nà Òjó, àwọn yẹn kì í sì í gba tiránsífà. Màmá fúnra wọn kò ní àkáǹtì. Ti ọmọ ọmọ wọn tó ń gbé ní Ìkòròdú ni wọ́n ń lò tí nǹkan bá le, ọmọ náà á sì ní láti gba owó yẹn lọ́dọ̀ oní-POS kó tó gbé e wá. Gbogbo èyí ni mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ. Ohun tí wọ́n sọ kọ́ nìyẹn. Wọ́n kọjú sí alájọ.

“Ṣé mo ti mú ẹgbẹ̀rún kan fún ọ rí?”

“Rárá, mà.”

“Kí ni mo máa ń mú wá?”

“Àádọ́ta àti ọgọ́rùn-ún ni, mà. Nígbà mìíràn ogún náírà.”

“Ní oṣù kejìlá, nígbà tí o ń san owó Kérésì, ta ló ní òun kò gba àádọ́ta?”

Alájọ kò fẹ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀. Ẹlẹ́ja ni, òun àti oníke àti onírẹsì méjì. Oṣooṣù ni wọ́n ń kọ owó kéékèèké, pé ó ń gbilẹ̀ ní báàgì, pé kí alájọ wá ẹgbẹ̀rún tó dára fún àwọn. Alájọ á wá kó àádọ́ta-àádọ́ta fún àwọn tó ń dá ₦200. Ó ti pẹ́ tí àwọn màmá yìí ti ń dá owó gbígbó, tí wọ́n tún ń kó owó gbígbó, tí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pín in bí wọ́n ṣe dá a.

Màmá ní, “Ìgbà tó jẹ́ ìdọ̀tí, tèmi ni. Lónìí tó di góòlù, ó wá di ti gbogbo wa.”

Ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ja náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jókòó.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà ti yanjú, Ìyálọ́jà kàn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni. Ẹlẹ́ja sọ pé owó kò ní ojú, bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ owó ti ní ojú láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló ń ṣa èyí tó fẹ́ rí. Ìwé alájọ kò lè jẹ́rìí ẹni tó mú irú owó wo wá, torí kò kọ ọ́ síbẹ̀. Àmọ́ àṣà oṣooṣù ọjà náà jẹ́rìí. N kò gbà pé ẹni tó ń jẹ iyán nígbà tó rọ̀ lè kọ̀ ọ́ nígbà tó le, kó tún padà wá béèrè rẹ̀ nígbà tí ìyàn mú.

Ìdájọ́ rèé. Àwọn márùn-ún tó ń dá ₦200 á gba ₦6,000 wọn pátá ní káàṣì. Àwọn mẹ́fà tó ń dá ₦500 á gba ₦15,000 wọn pátá ní káàṣì. Ìyẹn kó ₦120,000 lọ. Ó ku ₦15,000, àwọn tó kù sì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, olúkúlùkù gba ẹgbẹ̀rún kan owó ọkọ̀. Dánfó kì í gba tiránsífà, kọ̀ńdọ̀ á ní kí o wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ. Gbogbo ìyókù, alájọ á fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn. Ní ti ₦415,000 àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ dé báńkì kó tó di ọjọ́ 10.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní ó yẹ kí alájọ fi owó ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù yìí, kí wọ́n fi san ohun tí oní-POS máa yọ lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ gba káàṣì. Alájọ kọ̀. Ó ní, “Èmi kọ́ ni mo pààrọ̀ owó.” Mo rò pé ó jàre. Aláta tó bá gba ₦20,000 lọ́dọ̀ oní-POS lọ́jọ́ náà á fi ₦4,000 sílẹ̀ níbẹ̀, ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ni alájọ gbà lọ́wọ́ aláta kan náà, ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì fi rìn wá sídìí àtẹ rẹ̀. Ìyálọ́jà kò dá sí i, wọ́n ní ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Owó àtijọ́ wọ báńkì. Alájọ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tò fún un, ní àkókò tí ẹni tó fẹ́ sanwó wọlé àti ẹni tó fẹ́ gba owó jáde jọ ń ti ara wọn lẹ́nu géètì kan náà. Ó wá kù kó fi owó ránṣẹ́. Ibí ni inú alájọ ti bàjẹ́ jù lọ, torí iṣẹ́ tó mọ̀ ni kó ka owó lé èèyàn lọ́wọ́, kí ẹni náà tún un kà níṣojú rẹ̀. Ní báyìí, yóò tẹ fóònù, fóònù á máa yí, yóò sọ pé ó ti lọ, aláta á ní kò dé. Gbogbo Nàìjíríà ló ń fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀rọ àwọn báńkì kò sì gbà á. Ọ̀pọ̀ dé lọ́jọ́ náà, àwọn kan dé lọ́jọ́ kejì. Ti ẹlẹ́ja, ₦149,000, kúrò ní àkáǹtì alájọ, kò sì dé tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí èèyàn fi ń dúró de owó. Ní ọjọ́ 8, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, lórí ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Kàdúná, Kogí àti Zamfara pè, ní kí ìjọba má tíì pa owó àtijọ́. Ọjọ́ 10 kọjá, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti kú tàbí ó wà láàyè. Ní Ọ̀yìngbò, ẹni tó fẹ́ tajà ń gbà á, ẹni tó bẹ̀rù ń kọ̀ ọ́, ẹni tó kọ̀ ọ́ lówùúrọ̀ sì lè fẹ́ ná an fún ọ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ 16, Buhari sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ₦200 àtijọ́ nìkan ni òun dá sílẹ̀ títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, pé CBN ni kí wọ́n kó ₦500 àti ₦1,000 lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dáná sójú títì ní Máìlì 12 àti Kẹ́tu. Ata ti ibẹ̀ wá, nítorí náà aláta wa kò rí ata rà lọ́jọ́ yẹn, káàṣì tàbí tiránsífà.

Ẹlẹ́ja ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín báńkì tirẹ̀ àti báńkì alájọ. Báńkì kan ní kó lọ bá èkejì, èkejì ní kó padà lọ bá ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń kó páálí ẹja fún un gba tiránsífà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọjà rẹ̀ dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ₦149,000 ni owó tó fẹ́ fi kún ọjà. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá kí owó náà tó padà sí àkáǹtì alájọ, alájọ sì tún un fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Èyí wọlé.

Onírẹsì kan wà tí mi ò lè má mẹ́nu bà. Ó fi ₦80,000 àtijọ́ pamọ́ sílé, ó sì gbàgbé títí ọjọ́ 10 fi kọjá. Ó lọ sí CBN ní Tinúbú, ní Erékùṣù, ó bá èrò tó yí ilé náà ká. Wọ́n ní kó lọ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó gba nọ́ńbà wá. Ó bínú, ó gbé owó rẹ̀ padà sílé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ó di ọjọ́ 13 kí CBN tó jáde sọ pé àwọn gbọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó àtijọ́ fún wa padà, èyí tí a ti ara wa lẹ́nu géètì kí a tó kó fún wọn. Onírẹsì ná ₦80,000 rẹ̀ láìtò níbì kankan. Nígbà tó sì di oṣù kọkànlá, ilé ẹjọ́ náà ní kí owó àtijọ́ máa bá tuntun rìn lọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì, káàdì alájọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó ń rìn kiri, àwọn èèyàn ń tọrọ gáfárà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí ìbò tó dé, ó ní kí n tún káàdì yà. Nísinsìnyí ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tó là á sí méjì, òkè fún káàṣì, ìsàlẹ̀ fún tiránsífà. Ní ẹ̀yìn káàdì, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé bí o bá ṣe dá a ni wàá ṣe kó o: ẹni tó san káàṣì á gba káàṣì, ẹni tó fi ránṣẹ́ á rí i ní àkáǹtì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti ṣí àkáǹtì orí fóònù, OPay tàbí PalmPay, láàárín oṣù yẹn, títí kan àwọn tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé owó tí àwọn kò rí lójú kì í ṣe owó. Màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò ṣí nǹkan kan. Gbogbo àmì ojú káàdì wọn, òkè ló wà.

Òfin ẹ̀yìn káàdì yẹn kò bá mi lára mu tán. Ó dára fún màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tí alájọ tún ń bá ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ó ní láti mọ káàṣì ta ni ó wà lọ́wọ́ òun. Ẹni tó bá ń wá ṣéńjì ní Ọ̀yìngbò lónìí, ọ̀dọ̀ oní-POS ló ń lọ, yóò sì sanwó rẹ̀.

Ẹlẹ́ja kò dá àjọ mọ́ láti oṣù kẹta. Ó ṣì ń kí alájọ, wọn kò bára wọn jà. Ohun tó kù láàárín wọn ni ₦5,000, owó ẹsẹ̀ oṣù kìn-ín-ní. Ẹlẹ́ja ní òun kò kó àjọ òun nígbà tó yẹ, nítorí náà kí alájọ dá a padà. Alájọ ní báńkì ló jẹ́ kó pẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ òun. Wọ́n gbé e padà sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, Ìyálọ́jà ní kí a jẹ́ kí ìbò kọjá. Ìbò ààrẹ kọjá, wọ́n ní kí ti gómìnà náà kọjá. Ìyẹn kọjá, ó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, Tinúbú gorí àlééfà, ó ní owó ìrànwọ́ lórí epo ti lọ, lítà epo kan tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦185 sì fò kọjá ₦480. Owó ọkọ̀ àti owó ẹrù di ohun tí gbogbo ọjà ń sọ. Kò sẹ́ni tó tún pe ìpàdé lórí ₦5,000.